Kíkó fáìlì kúrò lórí Amstrad PC1512 lọ sórí láptọ́ọ̀pù 486 pẹ̀lú wáyà sẹ́ríà, ẹ gbà mí o

omo_tisa

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín gan-an ni. Dádì mi ní Amstrad PC1512 kan tí wọ́n rà ní Leeds níbí nígbà tí wọ́n ń kàwé, èyí tó ní ojú flọ́pì méjì, kò ní hard disk rárá. Gbogbo ẹ̀kọ́ Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ àwa ọmọdé ní Sátidé nígbà yẹn, àlọ́, oríkì, orin ìbejì, orí ẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú WordStar, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ó sì wà nínú páálí kan tó kún fún flọ́pì ńlá, ìyẹn 5.25 tó máa ń rọ̀ lọ́wọ́ yẹn. Dádì ti padà sí Ìbàdàn, èmi ni wọ́n kó ẹrù sílẹ̀ fún, wọ́n wá ń bèèrè àwọn àlọ́ yẹn torí wọ́n fẹ́ kó o jọ ṣe ìwé.

Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ o! Mo tàn án, ó gbé MS-DOS 3.2, ètò tó ń darí ẹ̀, wá, mo tẹ DIR, orúkọ fáìlì jáde. Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sí ẹ̀rọ mìíràn lọ́dọ̀ mi tó lè ka flọ́pì yẹn yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀. Mo ní láptọ́ọ̀pù 486 kan tó ń lo MS-DOS 6.22, flọ́pì kékeré 3.5 ló wà lára ẹ̀, ó sì ní sẹ́ríà alábẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn. Tí nǹkan bá ti dé orí ìyẹn, mo ti mọ bí mo ṣe máa gbé e dé orí kọ̀ǹpútà òde òní. Ti Amstrad yẹn, alábẹ́rẹ́ 25 ni.

Irú wáyà wo ni kí n rà? Sọ́fítíwíà wo ni kí n lò, báwo ló sì ṣe máa dé orí Amstrad nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọ̀nà míì tí nǹkan lè gbà wọlé síbẹ̀ yàtọ̀ sí wáyà yẹn náà? Mi ò fẹ́ ba nǹkan dádì mi jẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

Baba_Waya

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Inú mi dùn pé ó ṣì tàn. Má sọ mọ́nítọ̀ ẹ̀ nù láéláé, torí inú mọ́nítọ̀ ni PC1512 ti ń gba iná, tí mọ́nítọ̀ bá ti lọ, kọ̀ǹpútà lọ nìyẹn. Gbé mọ́nítọ̀ yẹn kúrò lórí ẹ̀ kó o wo abẹ́ ẹ̀, wàá rí ibi tí wọ́n ń ki bátìrì AA mẹ́rin sí, òun ló ń jẹ́ kó rántí aago àti déètì. Tí bátìrì àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ ó ti lè máa da omi, yọ ọ́ kíá, nu ibẹ̀, kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ó wá ku wáyà. Null modem lo fẹ́ rà, kì í ṣe wáyà modem lásán, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ modem, ẹ̀rọ tó ń gba inú fóònù sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ní ẹnu, àwọn méjèèjì ló sì ní etí, tó o bá so ẹnu mọ́ ẹnu, etí mọ́ etí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹnì kejì ẹ̀. Null modem ló ń mú ẹnu ti ọ̀hún wá bá etí ti ibí.

Ibi tó ti máa ń da èèyàn rú rèé, fara balẹ̀ kà á. Lórí sẹ́ríà alábẹ́rẹ́ 25, pin (abẹ́rẹ́) 2 ló ń sọ̀rọ̀, pin 3 ló ń gbọ́, pin 7 ni ground, ìyẹn ilẹ̀ iná tí kọ̀ǹpútà méjèèjì jọ ń lò. Nígbà tí IBM gbé PC/AT jáde ní 1984, wọ́n mú alábẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án wá, wọ́n sì yí i padà: pin 3 ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pin 2 ló ń gbọ́, ground wá di pin 5. Torí náà, tí wáyà bá ní ẹnu mẹ́sàn-án ní apá kan, tó ní 25 ní apá kejì, null modem ni èyí tí 2 lọ sí 2, tí 3 lọ sí 3. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ó máa dà bíi pé ó lọ gbọọrọ, kò sì lọ gbọọrọ. Èyí tí 2 ẹ̀ lọ sí 3 gan-an ni wáyà modem, tí kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹ.

Àwọn tó ń ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ null modem sára ohun tí kì í ṣe null modem, má gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́, mú mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, fi sí ibi tó ti máa ń ké, kó o yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Wáyà méje ló yẹ kó o rí: láti mẹ́sàn-án lọ sí 25, 5 lọ sí 7, 3 sí 3, 2 sí 2, 7 sí 5, 8 sí 4, 6 sí 20, 4 sí 6. Tí ìkan nínú wọn ò bá ké, dá a padà, àbí kó o ṣí ẹnu ẹ̀ kó o fi lẹ́ẹ̀dì jó o fúnra ẹ.

Ẹnu 25 méjì ló wà lẹ́yìn Amstrad yẹn o. Akọ ni sẹ́ríà, abo ni ti prínta. Abo-abo ni wáyà ẹ máa jẹ́ lápá méjèèjì. Pa kọ̀ǹpútà méjèèjì kó o tó ki nǹkan bọ̀ ọ́.

sikiru_dos

Bàbá ti parí ti wáyà, ẹ jẹ́ n mú ti sọ́fítíwíà.

Ohun tẹ́ ẹ ń wá ti wà nínú láptọ́ọ̀pù yín. MS-DOS 6 tó jáde ní 1993 kó INTERLNK àti INTERSVR wá, méjì tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gba inú wáyà lo dráìfù ti ìkejì, 6.22 yín náà ní i, ẹ wo inú C:\DOS. Ní ti bó ṣe máa dé orí Amstrad, àwọn tó ṣe é ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ó ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní RCOPY, á gba inú wáyà sẹ́ríà yẹn kọ ara ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kejì, flọ́pì kankan ò ní gbé e. Nínú gbogbo nǹkan tí DOS lè ṣe, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó ń béèrè ò ju kí kọ̀ǹpútà kejì ní MODE, àṣẹ tó ń ṣètò sẹ́ríà, kó jẹ́ DOS 3.0 sókè, kí wáyà sì pé méje bí Bàbá ṣe kà á sílẹ̀. Wáyà mẹ́ta tí àwọn kan máa ń júwe ò ní bá RCOPY ṣe.

Ẹ fi dísíkì MS-DOS tan Amstrad, ẹ sì fi flọ́pì òfìfo tẹ́ ẹ ti FORMAT sínú dráìfù B. Kì í ṣe ti dádì yín o! Ẹ tẹ B: kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí ló máa da fáìlì sí. Ẹ lọ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ

INTERSVR /RCOPY

Á bèèrè pé COM èwo (orúkọ tí DOS ń pe ojú sẹ́ríà nìyẹn), ẹ mú COM1, lẹ́yìn náà á sọ ohun tẹ́ ẹ máa lọ tẹ̀ lórí Amstrad. Torí B: lẹ dúró sí tí MODE sì wà lórí A:, ẹ fi A: ṣáájú ẹ̀:

A:MODE COM1:2400,N,8,1,P
CTTY COM1

Tẹ́ ẹ bá ti tẹ CTTY tán, kíbọ́ọ̀dù Amstrad ò ní dá yín lóhùn mọ́. Ẹ má fòyà, ẹ má sì pa á. Ohun tí CTTY sọ fún DOS ni pé láti ìsinsìnyí lọ, inú wáyà ni kó ti máa gba àṣẹ, láptọ́ọ̀pù ló ń tẹ nǹkan fún un báyìí. Ẹ padà sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ jókòó. 2400 ò ju nǹkan bíi lẹ́tà 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má kán an lójú, ẹ jẹ́ kó parí.

Tó bá parí, INTERLNK.EXE àti INTERSVR.EXE ti wà lórí flọ́pì B yẹn. Nínú CONFIG.SYS láptọ́ọ̀pù, fáìlì tí DOS máa ń kà tó bá ń tàn, ẹ kọ ìlà yìí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn:

DEVICE=C:\DOS\INTERLNK.EXE /COM:1 /BAUD:19200 /V

Lórí Amstrad:

INTERSVR A: B: /COM:1 /BAUD:19200 /V

Ẹ padà sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ INTERLNK lásán, á fi hàn yín pé lẹ́tà báyìí ni A: ti Amstrad ń jẹ́ lọ́dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ C: nìkan ni hard disk yín, D: ló máa jẹ́. Láti ibẹ̀, COPY tẹ́ ẹ ti mọ̀ náà ni, COPY D:*.* C:\DADI\D01, ẹ wá yọ flọ́pì, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́, ẹ ṣe DIR D: kẹ́ ẹ rí i pé orúkọ ti yí padà, ẹ COPY sínú D02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má lo DISKCOPY, kì í ṣiṣẹ́ lórí Interlnk.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ 19200: tẹ́ ò bá kọ nǹkan kan, eré 115200 ló máa lò. 8086 tó ń sá ní 8 MHz ló wà nínú PC1512, chip sẹ́ríà ẹ̀ sì jẹ́ irú 8250, tí kì í lè tọ́jú ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, tí kọ̀ǹpútà ò bá tíì mú un kí òmíràn tó dé, ti àkọ́kọ́ ti sọnù nìyẹn. 16550A tó dé lẹ́yìn ló ní ààyè lẹ́tà 16. Ní 19200, flọ́pì 360KB tó kún dẹ́nu á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ sáré fún?

tokunbo_dev

Ẹ jọ̀ọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ ń fi gbogbo èyí da ara yín láàmú, ẹ ra Greaseweazle, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń so dráìfù flọ́pì mọ́ kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ wá dráìfù 5.25 kan, USB ni, á gbé gbogbo flọ́pì yẹn lódindi sínú láptọ́ọ̀pù òde òní, ó tán. Tẹ́ ò bá sì fẹ́ náwó, ẹ gbé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ẹ fa wáyà láti ara GPIO, ìyẹn àwọn abẹ́rẹ́ tó wà lára ẹ̀, lọ sí sẹ́ríà Amstrad ní tààrà, sọ́fítíwíà minicom ti wà fún un.

Baba_Waya

@tokunbo_dev ti Pi yẹn, má sọ ọ́ mọ́, ẹnì kan á kà á lọ dán an wò. 3.3 volt ni GPIO Pi. RS-232, ìlànà iná tí sẹ́ríà Amstrad ń lò, ò sí lára GPIO rárá: lórí RS-232, láti +3 dé +15 volt ni òdo, láti −3 dé −15 ni ọ̀kan. Tó o bá fa wáyà Amstrad wọ GPIO ní tààrà, Pi ẹ máa jó. Ó gbọ́dọ̀ ní MAX3232, chip tó ń yí iná ti ọ̀hún padà sí ti ibí, láàárín wọn.

Ti Greaseweazle, òótọ́ lo sọ, iṣẹ́ ńlá ni Keir Fraser ṣe, èmi náà ní ìkan. Flọ́pì tó ti ń kú, tí DOS ń kọ̀ láti kà, òun ni mo máa ń gbé lọ bá, torí ó ń ka ohun tó wà lára flọ́pì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà kí DOS tó dá sí i. Àmọ́ dráìfù 5.25 tó dáa ò rọrùn rí mọ́, àbúrò yìí sì ní méjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú Amstrad ẹ̀, fáìlì DOS lásán ló sì fẹ́ kó. Kó fi wáyà kó èyí tó bá kà tán ná. Èyí tó bá kọ̀, kó yà á sọ́tọ̀, ìyẹn la máa wá sọ̀rọ̀ Greaseweazle sí.

iya_ibeta

Omo_tisa ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú nǹkan bàbá. Kẹ́ ẹ tó ki flọ́pì dádì yín kankan bọ dráìfù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí ibì kan tí wọ́n gé bíi igun mẹ́rin. Ẹ fi sítíkà dúdú bo ibẹ̀. Tó bá ti bò, kò sí nǹkan tó lè kọ sára ẹ̀. Mò ń sọ ọ́ torí flọ́pì kékeré 3.5 yàtọ̀ sí i, tiẹ̀ ni kí ihò ṣí sílẹ̀. Interlnk máa jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lè pa fáìlì rẹ́ lórí Amstrad, èèyàn tẹ DEL síbi tí kò yẹ báyìí, ó parí, nítorí náà ẹ bo gbogbo wọn pátá.

Ẹ kọ nọ́mbà sára flọ́pì kọ̀ọ̀kan, kó bá fódà mu. Ẹ má tún orúkọ fáìlì kankan sọ, ẹ má ṣí i nínú WordStar kẹ́ ẹ tún sefù ú. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ kó o, àtúnṣe á wá wáyé lórí kọ́pì.

seyi_abk

Ẹ dákun mo fẹ́ bèèrè lábẹ́ ẹ̀, èmi ò ní 486 o, Linux ni láptọ́ọ̀pù mi, mo sì ní wáyà USB tó ń di sẹ́ríà. Ṣé Interlnk yẹn máa bá a ṣe?

sikiru_dos

@seyi_abk rárá, Interlnk ò gbọ́ èdè míì àfi ti Interlnk. Kermit tàbí XMODEM, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn, ni tiyín. Ward Christensen ló kọ XMODEM ní 1977, ó máa ń gé fáìlì sí byte 128-128, á ka iye tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, tí kò bá pé ẹni tó ń gbà á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Ẹ kàn mọ̀ pé tí fáìlì ò bá pín sí 128 géérégé, á fi nǹkan dí ìparí ẹ̀. Kermit ti Columbia University, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, mọ gígùn fáìlì gan-an, òun ni mo máa mú. Lórí Linux, tó bá ní ẹ ò láṣẹ láti ṣí /dev/ttyUSB0, ẹ fi orúkọ yín sínú group dialout, ẹ jáde kẹ́ ẹ tún wọlé. Ìṣòro yín ni bí Kermit ṣe máa dé orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, ẹ ṣí ìbéèrè tuntun fún ìyẹn kó má bàa da ti omo_tisa rú.

omo_tisa

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni! Wáyà dé, mo fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe, 2 lọ sí 2, gbogbo méje ló ké. RCOPY ṣiṣẹ́!! Kíbọ́ọ̀dù Amstrad kú lóòótọ́, mo rántí ohun tẹ́ ẹ sọ, mo jókòó tì í. Ní 19200 kò já rárá. Gbogbo flọ́pì ló ti dé orí láptọ́ọ̀pù àfi méjì tí Amstrad fúnra ẹ̀ ò lè kà, mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nǹkan kan ló kù. Nígbà tí mo ṣí àlọ́ kan lórí Windows, ohun tí mo rí nìyí:

né ojï kaî, Ijapá até Yannibï

Mo rí á lẹ́yìn Ijapa, inú mi kọ́kọ́ dùn pé dádì fi àmì sí i, àmọ́ kí ni né, kí ni kaî? Ṣé wáyà ló ba á jẹ́ ni?

iya_ibeta

Kò sí nǹkan tó bà jẹ́. WordStar ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó bá parí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi 128 kún nọ́mbà ẹ̀, kó lè mọ ibi tó máa ti na ìlà tó bá ń tò ó. Windows ò mọ ìyẹn, ó kàn wo nọ́mbà yẹn nínú tábìlì tiẹ̀: i di é, o di ï, n di î, a di á. Torí náà á tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn Ijapa yẹn kì í ṣe àmì ohùn, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ohùn òkè tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni. Ẹ wo até, ó fi é síbi tí i yẹ kó wà, ẹ ò ní gbára lé ìkankan nínú wọn.

Ẹ gbé kọ́pì kan lọ sórí Linux tàbí Mac, kẹ́ ẹ tẹ eléyìí, ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín sí i:

LC_ALL=C tr '\200-\377' '\000-\177' < ALO1.WS | tr -d '\032' > alo1.txt

Ti àkọ́kọ́ á yọ 128 yẹn kúrò lára gbogbo lẹ́tà, ti ìkejì á yọ Ctrl-Z tí WordStar fi ń dí ìparí fáìlì. Àwọn ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, bíi .PA, àṣẹ ojú ìwé ni, ẹ lè fi ọwọ́ yọ ọ́.

Àmì ohùn gan-an ni kẹ́ ẹ bi dádì. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ní à, á, é, è, ò, ó nínú tábìlì lẹ́tà ẹ̀, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ̀ ẹ́ lásán, wọ́n á prínt ẹ̀, wọ́n á wá fi bírò fi àmì sí i lórí ìwé. Ṣé ìwé tí wọ́n prínt yẹn wà nínú ẹrù?

omo_tisa

Mo ṣe tr yẹn, ó jáde: ni ojo kan, Ijapa ati Yannibo. Ó mọ́ kedere.

Mo pe dádì lórí WhatsApp. Wọ́n ní bírò pupa ni àwọn fi ń fi àmì sí i, ìwé yẹn sì wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí àwọn gbé lọ sílé. Mo ti fi gbogbo txt ránṣẹ́ sí wọn, àbúrò mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn lá máa tẹ àmì sí i bí dádì bá ṣe ń kà á fún un. @Baba_Waya flọ́pì méjì tó kọ̀ yẹn, orí ìkan nínú wọn ni oríkì ilé wa wà. Ṣé mo lè fi í ránṣẹ́ sí yín?

Baba_Waya

Fi ránṣẹ́. Fi páálí líle méjì há a láàárín, má fi téèpù kan ara ẹ̀, má sì tún gbìyànjú àti kà á lórí Amstrad mọ́, torí bí ojú ẹ̀ bá ti ń bó, ní gbogbo ìgbà tó bá yí lábẹ́ head tó ń kà á ló ń bó sí i. Mo ti kọ àdírẹ́sì sínú ínbọ́ọ̀sì ẹ.